Abẹ́rẹ́ Alábahun ní Wọ́ọ̀dù Wa

Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ tuntun dé ilé ìwòsàn wa, àdúrà ni Mátírọ́ọ̀nù kọ́kọ́ gbà lé e lórí. Kì í sì í ṣe àdúrà kékeré. Ó ní kí gbogbo àwa nọ́ọ̀sì yí páálí náà ká, ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni pé ọmọ tuntun ni, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó gbé e wá láti Àkúrẹ́ tí kò kó sí kòtò. A ṣe àmín. Bí a ṣe ṣe àmín tán, ó gbé páálí sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò aṣọ funfun rẹ̀. Ó parí nìyẹn. A ò tún rí páálí náà sójú mọ́.

Ẹni tó bá mọ ilé àwọn ará Ọ̀wọ̀ kò ní bá Mátírọ́ọ̀nù jà. Nínú pálọ̀ ìyá mi, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà tí àwọn àwo olódòdó kún inú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i kí wọ́n bu oúnjẹ sínú wọn, ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù wá jẹun nílé wa. Àwa ọmọ ilé, inú àwo tó ti bó la ti ń jẹ iyán. Ohun tó bá dára, àlejò ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ wa ṣe jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń retí àwọn aláyẹ̀wò tí ìjọba máa ń rán wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí abẹ́rẹ́ ọ̀hún ń ṣe. Bí o bá ti fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ tán, tí o sì tẹ ìdí síríǹjì náà dé òpin, abẹ́rẹ́ á fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, á wọ inú ike lọ, kò sì tún lè gún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ahun ṣe ń fa orí wọ inú igbá rẹ̀ ló ń ṣe. A sọ ọ́ ní Alábahun lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti àtijọ́ tí à ń lò ńkọ́? Bí o bá fún aláìsàn tán, ẹnu abẹ́rẹ́ á ṣì yọ síta, á máa wò ọ́ lójú. Wọ́n kọ́ wa pé kí á jù ú sínú páálí aláwọ̀ ìyeyè tó wà fún un lójú ẹsẹ̀, kí á má dé e. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àwa a fi ọwọ́ kan di abẹ́rẹ́ mú, a fi ọwọ́ kejì gbé ìdérí wá, a ó wá máa wá ojú ihò bí ìyá àgbà tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Àwọn àgbà wọ́ọ̀dù tiẹ̀ ń fi eyín di ìdérí mú! Bí o bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ọwọ́ àwọn ti mọ́ ọn.

Wọ́n kúkú dá wa lẹ́kọ̀ọ́ lórí Alábahun. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àkúrẹ́ ni wọ́n kó wa lọ, wọ́n fún wa ní bírò àti ọsàn. Ọsàn ni a fi kọ́ ọ. A gún ọsàn, gbogbo rẹ̀ ń kán omi. Ọ̀gbẹ́ni tó ń kọ́ wa wá béèrè pé ta ni abẹ́rẹ́ ti gún rí láàárín wa. Ẹ ò ní gbàgbọ́, kò sí ọwọ́ kan tó lọ sókè. Gbogbo wa ń wo ọsàn wa. Irọ́ ńlá! Abẹ́rẹ́ ti gún gbogbo wa rí, oníkálukú ló sì ní ìwòsàn tirẹ̀. Ẹnì kan á fún ìka rẹ̀ títí á fi funfun. Ẹnì kan á da sípírítì sí i. Ẹnì kan á jẹ orógbó. Ẹnì kan á ké ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ẹnì kejì rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí á ní Bìsìmílà. Láàbù ni ẹnikẹ́ni kì í lọ, láàbù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀gbẹ́ni náà wá dé ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n ti ń gbé ìrẹsì àti adìyẹ wọlé, a ò gbọ́ nǹkan tó sọ mọ́.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní ẹnu mi mú. Ó mú lóòótọ́, n kì í gba ìgbàkugbà. Ṣùgbọ́n lásìkò tí mò ń wí yìí, oyún wà nínú mi. Àkọ́kọ́ ni, ó sì pẹ́ kó tó dé. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá ọkọ mi fi ṣíwọ́ bíbéèrè, bí wọ́n bá sì ti ṣíwọ́ bíbéèrè, ó máa ń dunni ju kí wọ́n máa béèrè lọ. Nígbà tó wá dé, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Bí mo bá rí abẹ́rẹ́ tó ṣí sílẹ̀ nínú abọ́, ikùn ni mo máa ń fi ọwọ́ bò. Bí àrùn bá gba ojú abẹ́rẹ́ wọ ara mi, ara ọmọ ló ń lọ yẹn. Mo fẹ́ bí ọmọ yìí ní àlàáfíà. Nǹkan kan ṣoṣo tí mò ń wá láyé nígbà náà nìyẹn.

Ni mo bá lọ bá Mátírọ́ọ̀nù ní ọ́fíìsì.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn fún wa."

"Láti mú kí ni?"

"Alábahun. Kí á máa lò ó."

"Kí ẹ lò ó tán? Bí àwọn aláyẹ̀wò bá dé, kí ni kí n fi hàn wọ́n, páálí òfìfo?"

"Mà, torí iṣẹ́ ni wọ́n ṣe kó o fún wa. Wọn ò ní kí á fi ṣe ọ̀ṣọ́."

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí. "Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ṣé mo kú?"

Kí lèèyàn fẹ́ fi dáhùn ìyẹn? Bí o bá ní rárá, o ti pòfo. Bí o bá ní ẹ ò tíì kú, ìjà dé. Mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo jáde.

Bí mo ṣe ń rojọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo rò pé wọ́n á gbè mí. Họ́wù! Ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ náà ń dún, pé á máa dẹ́rù ba àwọn ọmọdé. Òmíràn ní ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí aláìsàn ti ń dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Upenmen, ìlú kan nítòsí Ọ̀wọ̀, ní ohun tí kò bá bàjẹ́ kì í ṣe ohun à ń tún ṣe. Mo ní ṣé títí yóò fi gún mi ni kò ní bàjẹ́? Ó ní kí n máa bá àdúrà lọ.

N kò fi Mátírọ́ọ̀nù lọ́rùn sílẹ̀. Bó bá ń bọ̀ láti ìpàdé, mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ń jẹun, mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Níkẹyìn, ó ka ìwọ̀nba díẹ̀ lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń pín súìtì fọ́mọ iléèwé. "Ẹ má fi ṣòfò o!"

A sì fi ṣòfò. Oògùn kan wà tó jẹ́ ìyẹ̀fun nínú ìgò kékeré. Omi la máa ń fà sínú síríǹjì, a ó fún omi náà sínú ìgò, a ó mì í, a ó tún fi abẹ́rẹ́ kan náà fà á jáde. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é látayébáyé. Ọmọ Upenmen mú Alábahun, ó fa omi, ó kì í bọ ìgò, ó tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Táù! Abẹ́rẹ́ fà wọlé, ó di tì. Ó wo síríǹjì, ó wo ìgò. Mo ní, "O ṣeun. Ìgò ti gba abẹ́rẹ́, ó kù kí ara rẹ̀ yá." Inú bí i, ó mú òmíràn, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣé ẹ rántí ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀kọ́ tí adìyẹ ò jẹ́ kí á gbọ́? Ara ọ̀rá tó wà ni mo ti wá kà á lẹ́yìn náà: kí á fi abẹ́rẹ́ lásán po oògùn kí á tó mú Alábahun. Ìyẹn ni. Ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù wa, ẹjọ́ abẹ́rẹ́ ni.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi nígbà tí káfíńtà kan gbé ìyá rẹ̀ wá lórí ọ̀kadà láti Ìpele. Ìyá arúgbó náà ní ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀ tí kò jinná, dókítà sì ní kí á fún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí. Mo po oògùn bó ṣe yẹ, mo fún un, mo tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Ó dún táù, abẹ́rẹ́ fà wọlé, inú mi dùn. Ìyá yíjú padà láti wo ohun tó gún un. Ike ló rí, kò rí abẹ́rẹ́.

"Abẹ́rẹ́ dà?"

"Ó ti fà sẹ́yìn sínú ike, Màmá."

"Èwo ni ó fà sẹ́yìn? Ó ti kù sí mi ní ìdí! Yéè! Ẹ gbà mí o!"

Ohùn Ọ̀wọ̀ wa gidi ló fi ké e, èyí tí àwọn ará Àkúrẹ́ máa ń ní kí á rọra sọ. Gbogbo wọ́ọ̀dù dìde. Obìnrin kan tó ti gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ apá rẹ̀ wò bóyá tirẹ̀ náà kù síbẹ̀. Bàbá kan tí a ò tíì fún lábẹ́rẹ́ rárá, oògùn oníhóró ló ń lò, ó ní òun náà ń gbọ́ nǹkan tó ń rìn lára òun. Mo gbé síríǹjì sókè síbi ìmọ́lẹ̀, mo fi abẹ́rẹ́ hàn wọ́n nínú ike. Káfíńtà náà gbà á, ó wò ó tìfura-tìfura.

"Ántí Nọ́ọ̀sì, mo rí i pé irin wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ó pé? Èmi tí mò ń kan ìṣó, mo mọ̀ pé orí ìṣó lè jáde kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán sínú igi. Ẹ mú un jáde ká fi wọn èyí tí ẹ ò tíì lò."

"Ẹ ò lè mú un jáde, Bọ̀dá. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é gan-an nìyẹn."

"Á jẹ́ pé ó kù sára ìyá mi nìyẹn. Rédíò ni mò ń lọ báyìí. Gbogbo Ọ̀wọ̀ máa gbọ́."

Bí Mátírọ́ọ̀nù ṣe gbọ́ rédíò báyìí, ó yọ sí wa pẹ̀lú púláyà tí wọ́n fi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, àti Alábahun tuntun kan láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí á fọ́ ọ kí wọ́n rí i." Mo ní, "Mà! Nǹkan tí wọ́n ṣe kó má bàa gún èèyàn, ẹ fẹ́ fọ́ ọ kó lè gún èèyàn?" Ó ní àbí kí n lọ bá wọn ṣàlàyé ní rédíò ni. Kò mú awò ojú rẹ̀ dání, kò ríran dáadáa. Ó ní kí n di ìdí síríǹjì náà mú fún òun.

Ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀, ewu ni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ pé èèyàn kì í sọ fún Mátírọ́ọ̀nù pé rárá lójú aláìsàn. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo dì í mú. Ó fi púláyà há ike náà, ó fún un, ike là, abẹ́rẹ́ ta jáde, ó gba inú ìbọ̀wọ́ wọ àtàǹpàkò mi.

 Mo kàn ń wo ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń tàn kálẹ̀ nínú ìbọ̀wọ́.

Káfíńtà mú abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, ó fi ojú kan wò ó bó ṣe ń wo igi. "Ó pé!" ló wí. Ẹ wá gbọ́ ayọ̀. Wọ́ọ̀dù ní "Ó pé o!" Ẹnì kan dá orin ọpẹ́. Bàbá oníhóró ní nǹkan tó ń rìn lára òun ti dúró. Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ fún Mátírọ́ọ̀nù, ó ní kí wọ́n má bínú. Kò sẹ́ni tó wo ọwọ́ mi.

Mo sáré débi ẹ̀rọ omi, omi ò sí. Mátírọ́ọ̀nù ló fi eyín já omi inú ọ̀rá, ó ń dà á sí mi lọ́wọ́, ó ń da ọṣẹ sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀: fún un, da sípírítì sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí ikùn mi. Ọmọ Upenmen bú sẹ́kún.

Ẹ̀jẹ̀ ìyá arúgbó yẹn ló wà lára abẹ́rẹ́ tó gún mi. Bó bá ní mẹ́dọ̀wú tàbí éèdì, ó lè ti wọ ara mi. A ní láti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù, òun sì ti gun ọ̀kadà. Mo lọ bá wọn níta. Káfíńtà ní rárá, pé ìyá òun ò ní gba abẹ́rẹ́ kankan mọ́ lónìí.

Ìyá ní kó dákẹ́. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ mi ṣe?"

N kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Mo ní, "Màmá, abẹ́rẹ́ tí a fọ́ yẹn gún mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín tó lè pa ọmọ inú mi lára. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó wo ikùn mi. "Àkọ́bí?"

"Àkọ́bí ni. Ó pẹ́ kó tó dé."

 Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tòun ti ẹsẹ̀ ọgbẹ́, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè níbẹ̀ lójú oòrùn. "Ẹ fà á. Bí garawa lẹ fẹ́ kó kún, ẹ fà á. Ìwọ, wá ibì kan jókòó sí." Ọmọ rẹ̀ ló ń sọ ìyẹn fún. Ojú tì mí, torí gbogbo ìgbà tó ń pariwo, arúgbó aláriwo lásán ni mo kà á sí.

Wọ́n ní kí á dúró de èsì. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà láàbù. Mátírọ́ọ̀nù wá jókòó tì mí. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ fún un, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè torí ẹ̀ dá mi dúró níṣẹ́. Kó tó di pé mo la ẹnu, ó ní, "Èmi náà lóyún nígbà tó gún mi."

Mo wò ó.

"Àkọ́bí mi ni. Mò ń dé e ni, ó yọ̀, ó gún mi níbí." Ó fi ìka hàn mí. Kò sí àpá kankan níbẹ̀. "Aláìsàn náà kú lọ́jọ́ kejì, wọn ò sọ ohun tó pa á. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ fún ọkọ mi pàápàá."

"Ẹ ò wá ṣe àyẹ̀wò, Mà?"

"Ta ló fẹ́ mọ̀? Gbogbo ìgbà tí ibà bá mú mi ni mo máa ń rò pé ó ti dé. Gbogbo ìgbà tí ibà bá mú ọmọ náà, n kì í sùn. Ó ti di géńdé báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn." Ó ti lọ mú awò ojú rẹ̀ wá, ó ń fi etí aṣọ nu nǹkan tí kò sí lára rẹ̀. "Ìwọ ń wá bá mi lójoojúmọ́, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí mo bá gbé e fún yín pé ẹ máa lò ó torí pé èyí tí à ń lò léwu, kí ni mo fẹ́ sọ fún ara mi nípa gbogbo ọdún wọ̀nyẹn?"

Wọ́n máa ń ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.  Inú ṣì ń bí mi. Inú ń bí mi sí i gan-an, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, n kò sì mọ èyí tí mo lè fi sílẹ̀ nínú méjèèjì.

Ọ̀gbẹ́ni láàbù yọjú, ó pè mí wọlé. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ìyá arúgbó mọ́ tónítóní, kò sí mẹ́dọ̀wú, kò sí éèdì. Ó ní kí n ṣì padà wá yẹ tèmi wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kí ọkàn mi lè balẹ̀ pátápátá.  Mo fi orí lé tábìlì rẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé, mo ń sọ fún ọmọ inú mi pé kó má bínú. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ohùn ìyá arúgbó tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí pé ṣé òun ò sọ bẹ́ẹ̀, ta ló ní kí wọ́n máa bẹ̀rù òun?

Nígbà tí mo gbé orí sókè, Mátírọ́ọ̀nù ti jókòó sórí àga tí àwọn aláìsàn máa ń jókòó sí. Ó ti ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè dé èjìká. Ọ̀gbẹ́ni láàbù ń wò ó, ó ń wò mí, kò mọ ohun tó máa ṣe.

"Fa tèmi náà," ni Mátírọ́ọ̀nù wí.

Ó so okùn rọ́bà mọ́ ọn lápá. Mátírọ́ọ̀nù tó máa ń bá àwọn ìyá ọlọ́mọ wí pé kí wọ́n yé ṣojo, ó di ojú rẹ̀ pinpin, ó na ọwọ́ kejì sí mi. Mo dì í mú. Ó tutù.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí.

"Mo mọ̀, Mà."

"Bó bá wà níbẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ mi?"

 Ọ̀gbẹ́ni láàbù ní kó di ìkúùkù, ó dì í, abẹ́rẹ́ sì wọlé.